Obìnrin Inú Fóònù Rẹ Kò Mọ Fèrè Fọn

El Ocotal,
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn.

Evodio ọmọ mi, ọkọ mi,

Ṣé o ń sùn, ṣé o ń jí? Ṣé ooru Monterrey kò mú ẹ jù? Màríà Wúńdíá kò ní gbé ojú kúrò lára rẹ. Gbogbo àkàbà tí o bá ń gùn lọ́hùn-ún, áńgẹ́lì á bá ẹ di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, àmín. Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́. Orúnkún ń dùn mí, ṣùgbọ́n orúnkún ta ni kì í dùn ún lọ́jọ́ orí mi? Àgbàdo yọ dáadáa lọ́dún yìí. Canelo, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ wa, ti darúgbó, ó sì ti ya alágídí, ṣùgbọ́n mò ń bọ̀ wá sórí ọ̀rọ̀ tiẹ̀.

Èmi fúnra mi ni mò ń kọ lẹ́tà yìí o, kì í ṣe Maricruz ló bá mi kọ ọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, nítorí náà má fi ìkọ̀wé mi ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ náà ni mo fẹ́ sọ, mi ò sì fẹ́ kó mọ̀.

Ṣé o rántí fèrè idẹ rẹ tó wà lára ògiri, èyí tó tẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ lọ́jọ́ tí Canelo gbé ẹ ṣubú? Maricruz ti já a sílẹ̀. Ó fi eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́ títí ó fi ń dán, ó sì ti wọ báńdì ogun ilé ìwé wọn tó ń fọn ìpè bíi ti sójà, bí ìwọ náà ti ṣe. Ogun ni wọ́n ń pè é, bẹ́ẹ̀ mi ò tíì rí ọ̀tá kankan tí wọ́n bá jà, àfi ẹlẹ́dẹ̀ Tránsito aládùúgbò wa tó já wọ àárín àwọn onílù lọ́jọ́ kan, tí gbogbo ọmọ ogun sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Tíṣà Hilario tó kọ́ ẹ ló ṣì ń kọ́ wọn. Orí rẹ̀ ti hewú, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ò hewú rárá. Lóṣù àkọ́kọ́, ètè ọmọ yìí wú bíi tẹni tí agbọ́n ta, mo ní kó fi í sílẹ̀, ó ní ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ibo ló ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bí kò ṣe lẹ́nu mi?

Ní báyìí ilé wa ti di bárékè. Bó bá fọn ìpè Oúnjẹ, gbogbo adìẹ á sáré wá. Bó bá fọn ìpè Dúró, Canelo á dúró gbagidi sójú ọ̀nà tòun tẹrù igi lẹ́yìn, o lè lù ú títí ilẹ̀ á fi ṣú. Èmi tí mi ò kàwé kọjá kíláàsì kejì, mo ti mọ gbogbo ìpè náà lórí. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ.

Ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ rèé. Lọ́jọ́ Òmìnira, ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kẹsàn-án, Maricruz ni Tíṣà Hilario yàn pé kó ṣáájú gbogbo onífèrè, òun nìkan ni yóò sì máa fọn nígbà tí àsíá bá ń gòkè. Òun nìkan, Evodio, níwájú gbogbo ìlú. Inú mi dùn débi pé mo sunkún sínú ìyẹ̀fun tí mò ń pò. Ṣùgbọ́n ọmọ náà ò yọ̀. Ohun tó bi mí ni pé báwo ni Monterrey ṣe jìnnà tó, ṣé atẹ́gùn ibí máa ń dé ọ̀hún.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe lọ pè ẹ́. Wọ́n ní kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì níbòmíràn àfi lórí òkè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì kékeré San Isidro, nítorí náà mo kọ́kọ́ tan àbẹ́là fún ẹni mímọ́ náà tó ń fún wa ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ́fẹ̀ẹ́. Mo da ìborùn mi tó dára bora, torí wọ́n ní fóònù ti ń ríran láyé ìsinsìnyí. Obìnrin kan ló gbé e. Ohùn rẹ̀ tutù, ó ní o ò sí nítòsí, ká fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ tá a bá ti gbọ́ ìró. Mo kí i, mo bèèrè ará ilé rẹ̀, mo ní ọmọ ta ni, mo ní ṣé ó ń se ẹ̀wà fún ẹ dáadáa. Píì kan ṣoṣo ló fọn sí mi létí. Evodio, obìnrin yẹn ò mọ fèrè fọn. Kò lẹ́mìí, kò sì sí irú ìpè bẹ́ẹ̀ nínú gbogbo èyí tí Tíṣà Hilario kọ́ wọn. Mo ní, ọmọ mi, pa ètè pọ̀, láti ikùn ni kó o ti mí. Maricruz rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín ọmọ yẹn, mo tiẹ̀ tún pè ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì nítorí ẹ̀rín náà. Obìnrin náà tún ni. Píì.

Ìgbà yẹn ni Maricruz gba fóònù lọ́wọ́ mi, ẹ̀rín ti kúrò lójú rẹ̀. Ó ní, "Ìyá àgbà, bóyá ọ̀rọ̀ ni bàbá mi ò fẹ́ gbọ́. Ẹ jẹ́ kí n fọn ọ́n sí i."

Àpéjọ ló fọn sínú fóònù náà, ìpè tí wọ́n fi ń pe ọmọ ogun tó ti jìnnà pé kó padà sáàárín àwọn tiẹ̀. Ó fọn ọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò ṣì í níbì kankan. Ṣé o gbọ́ ọ? Àbí obìnrin yẹn ò jíṣẹ́ fún ẹ?

Láti ọjọ́ náà, ní ìrọ̀lẹ́, á gun òkè lọ, á kọjú sí títì, á fọn Àpéjọ. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, àwọn onílù gbé ìlù wọn sáré gòkè, wọ́n rò pé tíṣà ló ń pè wọ́n. Tíṣà náà dé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ní ta ló pe àpéjọ láìgbàṣẹ. Àwọn bàbá arúgbó tó ti ṣe báńdì nígbà èwe wọn wá, Tránsito wá, Canelo já okùn, òun náà wá. Gbogbo ẹni tí ọmọ yìí ò pè ló wá. Ẹni tó ń pè ni ò wá. Tíṣà Hilario fẹ́ bínú, ó wá wo ibi tí ọmọ náà kọjú sí. Ó kàn bá a tún okùn fèrè rẹ̀ so ni.

Ọmọ Nicandro ará ìlú wa tó ti Monterrey dé sọ fún mi pé ilé tí ẹ ń kọ́ ti dúró láti oṣù karùn-ún, kò sì síṣẹ́. Mo wá mọ ìdí tí o ò fi ń gbé fóònù. Ojú ń tì ẹ́. Ta ló bèèrè owó lọ́wọ́ rẹ, ọmọ mi? Tíṣà ní bí Àpéjọ bá dún, wọn kì í bi ọmọ ogun pé kí ló mú bọ̀, kó ṣáà ti dé ni. Ọdún kẹrin rèé tí o ti kúrò nílé. Àjò kì í dùn kí onílé má relé, ká má tiẹ̀ wá sọ àjò tí kò dùn.

Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé bí n kò bá bèèrè owó, wàá rò pé ara mi ò yá. Ó dáa, mò ń bèèrè. Owó bọ́ọ̀sì láti Monterrey dé ibí ni mo fẹ́, kó pé pérépéré. Má fi gba báńkì o. Èyí tí o fi ránṣẹ́ nígbà Àjíǹde, owó tí o fi ọwọ́ ara rẹ kà kọ́ ni wọ́n kó fún mi, owó ẹni ẹlẹ́ni ni. Fi lé awakọ̀ lọ́wọ́, kí o sì jókòó sínú ọkọ̀ náà máa ṣọ́ ọ títí yóò fi délé. Bí obìnrin inú fóònù bá fẹ́ bá ẹ wá, mú un dání, Maricruz á kọ́ ọ.

Ọlọ́run á là ẹ́ lọ́nà, iṣẹ́ tó dára ju èyí tó bọ́ lọ á wá ẹ rí. Ojú mi ò ní wá ojú rẹ tì títí ojú mi yóò fi pa dé. Bọ́ọ̀sì ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún máa gba abẹ́ òkè San Isidro kọjá. Má sùn sínú ẹ̀. Bí o bá gbọ́ fèrè, má wo ọ̀tún, má wo òsì, ìwọ ni wọ́n ń pè. Sọ̀kalẹ̀.

Èmi ìyá rẹ,
Petronila