Ìdáhùn fún Ọkùnrin Tí Iná Ilé Rẹ̀ Kú

Túdà ọmọ mi,

Bí o ṣe jí lónìí tí ara rẹ le, bẹ́ẹ̀ ni kí o máa jí títí ayé. Mo kí ìyá tó ń tọ́jú ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin yín ní Agadir, mo kí olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì yín, Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ohùn rẹ̀ há. Àlàáfíà la wà. Màmá rẹ ní ṣé ò ń jẹun, ó tún ní kí n bi ọ́ lẹ́ẹ̀kejì kó lè dá òun lójú pé mo bi ọ́. Òdòdó sáfúrónì oko wa ti yọ, ìdájí la ń já a kí oòrùn tó mú un là, ẹ̀yìn sì ń dùn mí.

Ohun tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù dé. Orí òkè ni mo gùn lọ gbà á, nítorí fóònù yìí kì í gbọ́ràn nísàlẹ̀. O ní ọkùnrin kan ń sọ nínú ewì Gẹ̀ẹ́sì pé iná ilé òun ti kú, òjò ń rọ̀, ojú fèrèsé lòun ń wò, ta ni yóò kan ilẹ̀kùn òun? O ní olùkọ́ bi yín pé kí ni ọkùnrin náà ń fẹ́, o dìde, ọ̀rọ̀ há sí ọ lọ́fun, àwọn ọmọ ìgboro sì fi ọ́ rẹ́rìn-ín. O ní o ò lè ṣe é mọ́, o fẹ́ padà wálé wá bá wa já òdòdó.

Ọ̀rọ̀ náà ká mi lára. Ìwọ náà mọ̀ pé níbi tiwa, bí akéwì bá bèèrè ọ̀rọ̀ lágbo orin tí ẹnikẹ́ni ò fèsì, gbogbo abúlé lojú ń tì. Àwọn ará ibẹ̀ wá fi ọkùnrin tó ń gbọ̀n nínú òtútù sílẹ̀, ọmọ mi ni wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín! Mo pe àwọn àgbà jọ sí iwájú mọ́ṣáláṣí. A dojú fóònù bolẹ̀ kí ọkùnrin náà má baà gbọ́ ohun tí à ń sọ nípa ipò rẹ̀. Àdí, olórí abúlé wa, ní ṣé kò ní aládùúgbò ni, ó ní ká di igi ìdáná sórí ọkọ̀ tó ń lọ sí Agadir, kí olùkọ́ yín bá wa fi jíṣẹ́. Ẹlòmíì ní òjò á ti pa igi náà kó tó dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó ní aṣọ òtútù ló dáa. Ibi tí a ti ń jiyàn ni Ìyá Yamna, tó ti ń ké ewì lágbo kí wọ́n tó bí mi, bá wa. Ó ní àwa ọkùnrin ò gbọ́ nǹkan kan, ó ní ta ló bèèrè igi lọ́wọ́ wa, ṣebí èèyàn ni bàbá yẹn ń retí. Lójú ẹsẹ̀ ló dá a lóhùn:

Ìwọ tó ń wo fèrèsé, dìde lọ ṣílẹ̀kùn,
Àlejò tó bá ilẹ̀kùn ní ṣíṣí kì í kàn án.

Sọ ọ́ di Gẹ̀ẹ́sì, kí o kà á níwájú wọn. Bí ọkùnrin náà bá fèsì, tètè jẹ́ ká mọ̀, Ìyá Yamna ní òun ṣì ní òmíràn.

Ti àwọn ọ̀rọ̀ tuntun tí wọ́n ń kó fún yín lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí o ní wọn kì í dúró sí ọ lórí, mo rò pé wọ́n ń kó o pọ̀ jù ni. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ nílẹ̀, wọ́n ń wá ẹni tí yóò bá wọn lò ó. Bẹ olùkọ́ kó máa bù ú fún ọ díẹ̀díẹ̀, èyí tí o ò bá lò, dá a padà kí ẹlòmíì rí nǹkan sọ. Bí wọ́n bá sì ní ọ̀rọ̀ kan fún òtútù ìdájí tó ń mú kí ìka gan lóko òdòdó, bá mi gbà á, mo fẹ́ gbọ́ bó ṣe ń dún.

Bí owó kékeré bá ṣẹ́kù lọ́wọ́ rẹ, fi ra bátìrì tọ́ọ̀ṣì, kí o fi rán awakọ̀.

Túdà, inú mi dùn nígbà tí o ní o fẹ́ wálé, n ò ní purọ́ fún ọ. Ọwọ́ wa ò ká òdòdó yìí, ó ń rọ lóko. Àmọ́ mo bi Ìyá Yamna pé ta ni yóò máa dáhùn fún wa lágbo lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní ṣebí mo ti rán ẹni náà lọ sí ilé ìwé ní Agadir. Màmá rẹ ti sá aṣọ ibùsùn rẹ sóòrùn, mo sì ní kó ká a padà sínú àpótí. Àárò rẹ ń sọ mí gan-an. Má tíì wálé.

Ọlọ́run á fi ọ̀rọ̀ sí ọ lẹ́nu. Ojú ò ní tì ọ́ láwùjọ.

Èmi ni Bihi, bàbá rẹ.