Ife Omi Mẹ́ta Lójúmọ́

Aya mi ọ̀wọ́n,

Ara mi ti ń mókun. Dókítà ní jẹjẹrẹ abẹ́ àpò ìtọ̀ mi, irú tó ṣọ̀wọ́n, ló ń sun oje kan sínú ẹ̀jẹ̀. Oje yìí kì í jẹ́ kí omi jáde lára mi dáadáa, iyọ̀ ẹ̀jẹ̀ mi sì ń lọ sílẹ̀. Omi tí o ní kí n máa mu ló dá kún un. Má dá ara rẹ lẹ́bi. Ife mẹ́ta péré ni wọ́n ń wọ̀n fún mi lójúmọ́, títí oògùn jẹjẹrẹ yóò fi ṣiṣẹ́.

Awakọ̀ kan wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì, ìyàwó rẹ̀ ń ṣí ìgò omi fún un: "Olówó orí mi, ẹ mu ún tán, ọ̀fẹ́ ni!" Mo kọjú sí ògiri. Ṣé omi yẹn ni mo ń jowú, àbí ẹni tó ń ṣí i?

Ọ̀nà jìn, má wulẹ̀ yọ ara rẹ lẹ́nu. Bá mi kí àwọn ọmọ. Bí o bá sì wá, bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni mo wà.

Ọkọ rẹ