Orin Kérésì Tí Mo Kọ Ní Rio

Ọjọ́ Àìkú, ó ku díẹ̀ kí Kérésì dé

Fóònù mi ò tíì sinmi. Ẹ̀rín ni gbogbo ẹbí mi ń fi ránṣẹ́.

Lẹ́yìn ìsìn, mo dúró nínú òjò ní Rio, oríta kan ní ìlú òkèèrè tí mo wà yìí, mo ń pariwo "PK12", àdúgbò tí mo ń dá gbé, sí gbogbo takisí tó ń kọjá. Kò sí èyí tó dúró. Kí n má baà sunkún, mo fi ohùn orin Kérésì kan kọrin ẹ̀fẹ̀, mo gbà á sílẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sínú gúrúùpù ìdílé wa:

"Ẹ bá mi yọ̀, mo wà lórí fóònù,
ẹ fi ọkàn pupa kí mi;
Rio ni mo dúró sí, mo ń wá ọkọ̀..."

Orin yẹn ló dà mí. Kò jẹ́ kí ohùn wálẹ̀ níbi tó yẹ, ni "ọkọ̀" bá di "ọkọ".

Ẹ̀gbọ́n mi Kúnlé ló kọ́kọ́ kọ̀wé láti Ìbàdàn: "Ṣé Rio ni wọ́n ti ń tà á ni?" Àǹtí Bísí ní ọdún tó ń bọ̀ kò ní kọjá lórí mi láìlọ́kọ. Àwọn tí n kò gbúròó wọn láti ìgbà tí mo ti dé ìhín náà fi ọkàn pupa ránṣẹ́, bí mo ṣe bẹ̀ wọ́n.

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Kí ni ǹ bá ṣe?

Màmá kì í kọ̀wé, ohùn ló máa ń fi ránṣẹ́. Díẹ̀ ló kù kí n má ṣí i, mo rò pé àdúrà ọkọ ni òun náà ń gbà.

"Àdùkẹ́, mo gbọ́ òjò lẹ́yìn orin rẹ. Ṣé o padà rí ọkọ̀ wọ̀?"

Mo dáhùn pé mo ti délé, pé gbogbo wa wà dáadáa.

Gbogbo wa. Èmi àti ta ni?