Wọ́n Ń Gbé Àga Sọ́nà Mi

Màmá mi, ẹ kú ojúmọ́ o. Ohùn ni mo fi ránṣẹ́ lónìí, ẹ má bínú. Iṣẹ́ ilé ìwòsàn ojú yìí ni kò jẹ́ kí n ráyè kọ̀wé. Ara mi le koko, ẹ fọkàn balẹ̀.

Àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ nìkan ni ò fẹ́ kí n gbádùn. Wọ́n ń gbé àga sọ́nà mi. Mo kọlù ú títí orúnkún mi fi bó, síbẹ̀ wọ́n á ní ibi tó máa ń wà náà ló wà. Ẹni tá a ní kó kín ni lẹ́yìn ló fẹ̀gún sọ́wọ́!

Lánàá, ọ̀gá dókítà ní kí gbogbo àwa nọ́ọ̀sì wá dán ojú wa wò. Mo rẹ́rìn-ín. Pátákó lẹ́tà tí mo fi ń dán ojú aláìsàn wò lójoojúmọ́, ṣé èmi ni wọ́n fẹ́ fi dẹ́rù bà? Mo kà á geere láti òkè dé ìsàlẹ̀, mi ò tiẹ̀ mí.

Ọ̀gá wá rọra ní, "Nọ́ọ̀sì, a ti pààrọ̀ pátákó yẹn láàárọ̀."

Ẹ ò rí i pé pańpẹ́ ni wọ́n dẹ fún mi? Ó ní kí n máa lọ sinmi nílé ná. Ìsinmi ò kúkú burú.

Ẹ bá mi kí àbúrò mi kú ewu ọmọ. Mo gba fọ́tò ọmọ náà, ó rẹwà gan-an ni. Ẹ ṣáà fi ohùn sọ fún mi, Màmá: ta ló jọ?