Ẹnu Dúpẹ́ àti Ẹsẹ̀ Rẹ̀

Bàbá mi àtàtà,

Láti ìgbà tí ẹ ti lọ, mo ti di onífura. Ṣé ẹ rántí pé bí a bá ń sáré bọ̀ láti òkè Ẹ̀fọ̀n, ẹ kì í wo ojú wa? Abẹ́ igi kòkó lẹ máa ń jókòó sí, agolo omi lọ́wọ́ yín, ẹsẹ̀ wa lẹ máa ń wò. Ẹ gbà pé ẹnu a máa parọ́, ẹsẹ̀ kì í parọ́.

Itan òsì mi ló bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí. Bí mo bá ń sáré, á máa ro mí gidigidi, bí mo bá jókòó, á rọlẹ̀. Kóòṣì wa fi ìpara gbígbóná ra á, ó ní ọ̀lẹ ló ń ṣe mí. Wọ́n ya fọ́tò egungun ní Ìjerò, kò fi nǹkan kan hàn. Màmá ní aráyé ni, kò kí ìyàwó àbúrò yín mọ́. Èmi fura sí kóòṣì, nítorí ìdíje kù sí dẹ̀dẹ̀, ó sì ń wá ẹni tí yóò gún mi lábẹ́rẹ́ kí n má baà mọ ìrora.

Mo yọ́ lọ sí Àdó. Dókítà obìnrin kan gbé mi jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, ó ki apá bọ abẹ́ itan mi, ó tẹ orúnkún mi sísàlẹ̀. Bàbá, mo ké! Ẹ̀rọ ńlá kan tí wọ́n tì mí bọ̀ ló fi hàn pé egungun itan ti sán. Eré tí mo ń sá láìsinmi ló fà á, fọ́tò lásán kì í sì í tètè rí irú rẹ̀. Bí mo bá tún sáré lé e, ó lè dá pátápátá. Màmá ń wá aláǹgbá kiri, ògiri ló lanu fúnra rẹ̀. Ọ̀pá méjì ni mo fi ń rìn báyìí, n kò gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ òsì tẹlẹ̀.

Ó ti ń jinná. Ṣùgbọ́n kóòṣì ti fi Dúpẹ́, àbúrò mi, rọ́pò mi, àtàárọ̀ àtalẹ́ ló ń sáré gun òkè. Lánàá, mo jókòó síbi tí ẹ máa ń jókòó sí. Ó ń bọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń juwọ́ sí mi. N kò wo ojú rẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ń sá fún ilẹ̀. Mo ní kó fi ẹsẹ̀ náà nìkan fò sókè. Ó ní ó rẹ òun, ó bá wọlé lọ.

Ẹ̀rù ń bà mí, Bàbá. Kí lẹ̀ bá ṣe? Bí mo bá dá a dúró, ṣé kò ní sọ pé ìlara ni?

Mo ti fi bàtà eré rẹ̀ pamọ́ sábẹ́ ibùsùn yín. Bílẹ̀ bá mọ́, mo fẹ́ mú Dúpẹ́ lọ sọ́dọ̀ dókítà yẹn. Bó bá wá bàtà tì, èmi ni yóò kọ́kọ́ fura sí. Kó máa fura.

Ẹ sùn re.

Ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tó gba ìdí igi kòkó lọ́wọ́ yín.