Mi Ò Fún Onítẹ́tẹ́ ní Kọ́kọ́rọ́

Ìyá wọn,

Onítẹ́tẹ́ wá gba kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù wa láàárọ̀ yìí. Mi ò fún un. Mo bi Lẹ́mọ́mù lẹ́yìn ìrun àsùbáà, bí o ṣe ní kí n ṣe. Ó ní ẹni tó bá mọ̀ pé tẹ́tẹ́ ni wọ́n fẹ́ ta níbẹ̀, tó sì háyà rẹ̀ fún wọn, ti lọ́wọ́ sí ẹ̀ṣẹ̀ náà. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún Onítẹ́tẹ́, ó ní, "Baba, ṣé ẹ̀yin lẹ fẹ́ ta tẹ́tẹ́ náà ni?" Ọ̀rọ̀ tí èmi náà fi bá ọ jiyàn lánàá nìyẹn.

Aránṣọ kan tó fẹ́ háyà ṣọ́ọ̀bù ń bọ̀ wá wò ó lọ́sàn-án. Má fi pamọ́ fún un pé òrùlé ń jò.

O ṣeun tí o kò gbà fún mi. Bí o bá dákẹ́ ni, owó haramu là bá máa fi ṣínu ààwẹ̀ yìí.

Baba wọn