Kọ́kọ́rọ́ Ta Ni Kọ̀ǹpútà Mú?

Àbíkẹ́yìn mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé iṣẹ́ ò pa ọ́ lára? Èmi ìyá rẹ ń bẹ láàyè, orúnkún nìkan ló ń bá mi fa wàhálà, ẹ̀gbọ́n rẹ sì ti bá mi tún òrùlé ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ránṣọ ṣe. Olúwa yóò máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ rẹ.

Ọ̀rọ̀ ìwé ilé yìí ti tojú sú mi. Ìwọ lo ní kí n gbé kọ̀ǹpútà bàbá rẹ lọ bá akọ̀wé ní ọ́fíìsì ilẹ̀, kí n fi buwọ́ lu ìwé tí yóò sọ ilé di tèmi kó tó di ọjọ́ Ẹtì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ orúkọ àbúrò bàbá rẹ ni wọ́n máa kọ sí i. O ní kí n má fòyà, pé ẹ̀rọ náà á fúnra rẹ̀ mú kọ́kọ́rọ́ tó yẹ. Kí n má bàa dójú tì ọ́, gbogbo kọ́kọ́rọ́ ilé ni mo kó dání, ti ẹnu ọ̀nà, ti ṣọ́ọ̀bù, títí kan ti àgádágodo tó ti sọnù. Mo tò wọ́n síwájú kọ̀ǹpútà, mo ní kó mú èyí tó bá wù ú. Akọ̀wé rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní inú kọ̀ǹpútà ni kọ́kọ́rọ́ wà, pé àmì ìkọ̀kọ̀ tí ẹ̀rọ fi ń buwọ́ lùwé fún olúkúlùkù ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Mo mì í, mi ò gbọ́ kí nǹkan kan dún.

Ó bá mi tẹ̀ ẹ́, ló bá hàn lójú ẹ̀rọ pé ìbuwọ́lùwé náà dára, kò lábùkù, bàbá rẹ ló ṣe é. Bàbá rẹ tó ti lọ láti ọdún mẹ́ta! Mo wo ẹnu ọ̀nà, mo wo ẹ̀yìn mi. Akọ̀wé ní béèyàn ò bá dárúkọ kọ́kọ́rọ́ tó fẹ́, èyí tó ṣáájú nínú ìdì ni ẹ̀rọ máa ń mú, ti bàbá rẹ ló sì ṣáájú, èyí tó o ṣe fún mi ló tẹ̀ lé e. Ìyẹn yé mi díẹ̀, bàbá rẹ kì í kúkú jẹ́ kẹ́nikẹ́ni ṣáájú òun sọ̀rọ̀.

Akọ̀wé ní wọn kì í gba ìbuwọ́lùwé òkú, òun ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń dárúkọ tèmi fún ẹ̀rọ, ká kúkú pa kọ́kọ́rọ́ bàbá rẹ rẹ́ kó lè ku tèmi nìkan. Ó tẹ nǹkan kan, kọ̀ǹpútà wá ń bi mí pé ṣé ó dá mi lójú pé kí òun pa á rẹ́. Ẹ̀rọ lásánlàsàn! Orúkọ olówó orí mi wà níbẹ̀ gbagidi. Mo tẹ rárá, mo gbé ẹ̀rọ mi, mo wálé, mo sunkún díẹ̀.

Jọ̀ọ́, fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ kí n wá bá ọ kó tó di ọjọ́ Ẹtì. Bóyá ìwọ lè bẹ ẹ̀rọ náà kó mú tèmi, kí ti bàbá rẹ sì wà níbẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́. Bí kò bá ṣeé ṣe, kí àbúrò rẹ̀ máa gbé ilé lọ. Mo ti sin ọkọ mi lẹ́ẹ̀kan, mi ò ní fi ìka ara mi sin ín lẹ́ẹ̀kejì.

Ire ni yóò máa bá ọ nílé, ire ni yóò máa pàdé rẹ lọ́nà.

Èmi ìyá rẹ ni. Ọwọ́ ara mi ni mo fi buwọ́ lu èyí, mi ò lo kọ́kọ́rọ́ ẹnì kankan.